Eérú Ìyá Ọkọ

Àyọ̀ká aláró ló rán ọkọ rẹ̀ lọ kọ ẹyìn. Igbà já lórí ọ̀pẹ, ọkọ ṣubú, ó kú. Àyọ̀ká ní òun lòun pa á, ó sọ ẹkún diṣẹ́, aró sì ń bàjẹ́ lọ nínú ìkòkò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ọkọ rẹ̀ gbé igbá eérú dé, ó fẹ́ dà á sínú aró.

Àyọ̀ká já igbá gbà tomijé-tomijé. "Màmá, ẹ fẹ́ ba aró mi jẹ́! Ṣebí omi eérú tí a sẹ́ là ń lò!"

"Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, ìyàwó mi. Igbà ló já. Ìwọ kọ́ lo gé e."

Apá Àyọ̀ká ti dúdú dé ìgúnpá lẹ́nu aró rírò kó tó rántí pé ìyá yìí gan-an ló kọ́ òun níṣẹ́ aró.