Àmù Kún, Ó Tún Ń Lọ Sódò

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́ kí baba gbọ́, baba náà ni yóò parí rẹ̀. Báwo ni ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yóò ṣe parí ohun tí kò gbọ́? Ilé Láwuyì, ahunṣọ òfì, ni ìdáhùn wà.

Láwuyì àti Àjàgbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló máa ń hunṣọ, Àbẹ̀bí ọmọ rẹ̀ obìnrin a sì máa rànwú nítòsí wọn. Ẹnu àwọn ọmọ yìí kì í dákẹ́. Lọ́dún kan, ọ̀rọ̀ wọn yí padà. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, síbẹ̀ kò sí èyí tó yé baba wọn níbẹ̀.

"Òpó ti jókòó," Àbẹ̀bí á wí, wọn á bú sẹ́rìn-ín.

Inú bí Láwuyì. Lójú òun báyìí? Ó pinnu pé òun kò ní bi wọ́n léèrè, òun kò sì ní bá wọn jà, ṣùgbọ́n dandan ni kí òun gbọ́ èdè náà. Ó ń ju ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú la òfì kọjá síwá sẹ́yìn bí ẹni tó di etí.

Díẹ̀díẹ̀, ó ń yé e. Òpó ni òun fúnra rẹ̀: ohun tí kì í yẹsẹ̀, tí ẹni tó bá forí sọ ọ́ yóò fi orí wíwú lọ sílé. Ẹ̀kọ tútù ni Àjàní àbúrò òun: ohun tí ẹnikẹ́ni lè jẹ láìfẹ́ atẹ́gùn sí i. Ọbẹ̀ Àbẹ̀bí ni wọ́n ń pè ní dígí, nítorí ẹni tó bá bojú wò ó, ojú ara rẹ̀ ni yóò rí. Èyí pa Láwuyì lẹ́rìn-ín débi pé ó fi ikọ́ bò ó, torí òótọ́ ni.

Ọ̀kan ló kù: "Mò ń lọ sódò." Àjàgbé ń lọ sódò ṣáá, kò sì gbé kèrègbè dání rí. Láwuyì dìde, ó ṣí àmù wò. Omi kún un dé ẹnu. Odò wo lẹni tí àmù rẹ̀ kún tún ń lọ, bí kì í bá ṣe ọ̀dọ̀ obìnrin?

Ó dọ́gbọ́n tẹ̀ lé ọmọ náà lọ́jọ́ kan, ó sì rí odò lójúkojú: Àwẹ̀ró, ọmọ Ọ̀kẹ́dìran. Ọ̀kẹ́dìran yìí ló dúró láàrin ọjà nígbà kan tó ní aró aṣọ Láwuyì ń ṣá. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé Láwuyì ti búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ilé ọkùnrin náà láyé.

"Ẹlòmíràn ti ń tọrọ odò," Àjàgbé wí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Bí a ò bá lọ lọ́la, ó ti bọ́ nìyẹn."

"Kí Òpó má gbọ́ o, ẹ̀gbọ́n mi," Àbẹ̀bí fèsì. "Ẹ̀kọ tútù ni ká mú lọ. Òun náà á ṣe baba."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Láwuyì ju ti aró lọ. Òun wà láàyè, ẹlòmíràn fẹ́ lọ ṣe baba fún ọmọ òun! Ó tẹjú mọ́ aṣọ orí òfì. "Èmi ni mo búra," ó wí nínú ara rẹ̀, "èmi náà ni mo bímọ."

Lọ́jọ́ kejì, Àjàní àti àwọn ọmọ dé ilé Ọ̀kẹ́dìran.

"Àjàní, ta ló bí ọmọ yìí?" onílé bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ara rẹ̀ ni kò yá."

"Ẹ padà sílé. N kò ní fi ọmọ mi fún ilé tí baba ò mọ̀ sí i."

Omijé lé ròrò sójú Àjàgbé.

Ìgbà náà ni Láwuyì wọlé. Aṣọ tí Ọ̀kẹ́dìran bú lọ́jọ́sí ló wọ̀, aró rẹ̀ ṣì dúdú minimini.

"Àjàgbé," ó ní, "Òpó ti rìn wá o."

Àbẹ̀bí lanu, kò lè pa á dé.

Láwuyì kọjú sí onílé. "Ọ̀kẹ́dìran, mo búra pé n kò ní tẹ ibí. Mo ti tẹ̀ ẹ́. Àwẹ̀ró ni mo wá tọrọ fún ọmọ mi." Ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ọ̀kẹ́dìran wo aṣọ náà títí. "Dìde, Láwuyì," ó ní. "Aró rẹ kò ṣá. Irọ́ ni mo pa. A gbà."

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, Àbẹ̀bí rọra bèèrè pé, "Bàbá, láti ìgbà wo lẹ ti ń gbọ́ ọ?"

"Láti ìgbà dígí. Bó o bá fẹ́ràn mi, fi ẹja kún un lọ́la."

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́ kí baba gbọ́, baba náà ni yóò parí rẹ̀. Ẹni tó bá ń jiyàn, kó mú ẹ̀kọ tútù lọ tọrọ ìyàwó.