Ọjọ́ tí Ayùn Dákẹ́ ní Òkè-Àràbà

"Ariwo kì í tún ayùn ṣe." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí ní Òkè-Àràbà nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti di rúgúdù. Ẹ̀yin tí ẹ ń pa á lówe, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀? Ayùn kan wà lóòótọ́, ariwo náà sì wà.

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ni. Ìjì fa igi odán kan tu tegbòtegbò, ó sì wó lu yàrá Làmídì, ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ẹ̀ka ńlá kan já òrùlé wọlé, ó há ọkùnrin náà mọ́ ẹsẹ̀ ògiri. Wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè mira. Àwọn ọkùnrin àdúgbò gbé àáké dé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣá igi náà, ògiri tó ti lanu mì tìtì. Wọ́n ju àáké sílẹ̀.

Wọ́n bá ránṣẹ́ pe Fadérera, obìnrin káfíńtà tó kan ọ̀pọ̀ òrùlé ìlú náà. Ó gbé ayùn oníná rẹ̀ dé. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kan wà lẹ́yìnkùlé kejì. Wọ́n fa wáyà gígùn láti ibẹ̀. Ayùn ń jẹ igi lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ògiri kò mì. Nígbà tó dé ìdajì, ó dákẹ́ lójijì.

Ariwo ta. Ẹnìkan ní kí wọ́n gbá ayùn náà mọ́lẹ̀. Òmíràn ní jẹnẹrétọ̀ ló ti kú. Ẹlòmíràn ní igi odán yẹn kì í ṣe lásán. Àwọn kan tún ti ń wá àáké wọn kiri.

Fadérera gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dákẹ́. Etí ni mo fẹ́ fi wá ohun tó ṣe ayùn yìí."

Sùwébátù, ìyàwó Làmídì, tó ti ń sunkún, ló kọ́kọ́ gbọ́ràn. Ó fa ìborùn rẹ̀, ó fi di ẹnu ara rẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù rí i pé ẹni tó ni ẹkún ti dákẹ́, gbogbo wọn pa lọ́lọ́.

Làmídì pè láti abẹ́ igi: "Ṣé ẹ ti fi mí sílẹ̀ ni?"

"A ò lọ síbì kankan, Làmídì," ni Fadérera dáhùn. "Ayùn là ń tẹ́tí sí. Fara balẹ̀."

Ó yọ ayùn kúrò lẹ́nu iná, ó fi gílóòbù kan láti inú àpò iṣẹ́ rẹ̀ sí ẹnu iná náà, gílóòbù tàn. Ó mọ̀ pé iná ń dé. Ara ayùn gan-an ni àrùn wà. Ó dá a padà sẹ́nu iná, ó gbé e jìnnà sí ara, ó tẹ ibi tí wọ́n fi ń tan án, ó sì ń rọra ṣẹ́ wáyà rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà tó dé ọrùn, níbi tí wáyà ti wọ ọwọ́ ayùn, ó gbọ́ "kín", ohùn kékeré bí ẹ̀fọn tó fò kọjá. Ká ní ariwo ṣì wà, ta ni ì bá gbọ́ ọ?

"Mo ti rí ọ," ló wí.

Ó yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iná, ó tú ọwọ́ ayùn, ó sì bá okùn bàbà tó ti já nínú rọ́bà, tí ojú kò lè rí láti òde. Ó gé ibi tó bàjẹ́ dànù, ó bó orí wáyà, ó so ó padà, ó dè é. Làmídì ń kérora nítòsí, síbẹ̀ ọwọ́ obìnrin yìí kò kánjú. Mo máa ń ronú nípa ọwọ́ yẹn.

Ayùn dún. Ẹ̀ka já sí méjì, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n fa Làmídì jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ìgbà náà ni Sùwébátù ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ aṣọ lẹ́nu, tó ké igbe tó ti gbé mì. Fadérera jókòó sórí igi, ó ń ká wáyà rẹ̀ jọ.

Láti ọjọ́ náà, bí ìṣòro bá dé, tí ẹnu pọ̀ ju ọwọ́ lọ, tí olúkúlùkù ń pariwo lé ẹni tó ń wá ojútùú lórí, àgbàlagbà kan á wí pé: "Ẹ fún un láyè. Ariwo kì í tún ayùn ṣe."