Ilé Olorì ní Òkè-Ìrókò

Ní ìlú Òkè-Ìrókò, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Òun ló máa ń kọ́ ààfin àti odi tí àwọn eléré fi ń ṣeré lójú agbo. Igi líle ló fi ń ṣe òpó, amọ̀ ló fi ń rẹ́ ẹ, á sì jẹ́ kó gbẹ kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kàn án.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọ̀jẹ̀wándé, olórí àwọn eléré, wọlé tọ̀ ọ́.

"Ìyá Ibídùn, ọba ń bọ̀ wá wòran wa láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ bá wa kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ibídùn yín, ìyàwó ọmọ mi, ni olorì tí yóò dúró lókè rẹ̀."

Ibídùn nìkan lọmọ tí Àwẹ̀ró bí, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé ọkọ. Àṣẹ ìyá kò dé ibẹ̀ mọ́. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi, bàbá. Ẹ má bínú, n kò ní lè ṣe é. Amọ̀ kò ní gbẹ kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ẹ jẹ́ kí olorì dúró nílẹ̀."

"Olorì wo ní ń bá adìẹ dúró nílẹ̀?" Ọ̀jẹ̀wándé rẹ́rìn-ín. "Bó ṣe itọ́ la máa fi mọ ọ́, ilé yẹn á dúró."

Àwọn eléré po ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n fi lẹ ẹní mọ́ ọparun tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fi ẹfun kùn ún. Ó dára lójú ju ààfin lọ.

Àwẹ̀ró kò rí oorun sùn. Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó gbé iṣu sísun lọ sójú agbo. Ibídùn ti gbé ẹsẹ̀ kan lé àkàbà.

"Ibídùn, wá jẹun ná."

"Ìyá, ọmọ ọwọ́ ni mí ni?"

"Ẹyọ kan péré."

Ibídùn rẹ́rìn-ín, ó yà wá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iṣu ni ilé náà fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó sì wó lulẹ̀ gbì lẹ́yìn rẹ̀. Àkàbà ṣẹ́ sí méjì.

Iṣu wà lọ́wọ́ Ibídùn. Kò lè jẹ ẹ́, kò lè sọ ọ́ nù. Ìyá rẹ̀ ń fọwọ́ pa á lára láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni ń wá egungun tó kán.

Ọ̀jẹ̀wándé wojú ọ̀run. Òjò kò rọ̀, afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ewé kan kò mì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹní tó wó. Ó tutù, ẹ̀kọ ti yọ́ kúrò lára rẹ̀.

"Ìrì," ó ní, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ìrì lásán."

Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé: ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.