Tọ́bò Tí Mùfútáù Fi Kún Ẹ́ńjìnnì

Bí àwọn awakọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ ní Òkè-Ògùn bá fẹ́ bá olóríkunkun wí, wọn kì í fa ọ̀rọ̀ gùn. Wọ́n á ní, “Ẹni tó lé onídùúró rẹ̀ lọ, kó má bojú wẹ̀yìn.” Àjèjì tó bá gbọ́ ọ á máa wò wọ́n sùn-ùn. Onídùúró kẹ̀? Ẹni tó dúró fún ọ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, tó ní bí o bá sá kí wọ́n mú òun, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ń lé? Ẹni tórí rẹ̀ pé kò ní dán an wò. Mùfútáù lé tirẹ̀, ẹ̀rín ló sì ń rín bó ṣe ń lé e.

Awakọ̀ ni Mùfútáù ní Ìṣẹ́yìn, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bó bá ń jẹun, ojú rẹ̀ á wà lọ́nà. Nígbà tó fẹ́ ra ọkọ̀ akẹ́rù tuntun, Sìdíkátù ìyàwó rẹ̀ ta ẹ̀rọ tó fi ń lọ ẹ̀gẹ́, ó kó gbogbo owó náà lé e lọ́wọ́. Ọkọ̀ yẹn ni gbogbo ohun tí wọ́n ní. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ gbà á, Ọ̀gá Olátẹ́jú, àgbà mẹkáníìkì ilé-iṣẹ́ tó tà á fún wọn, fọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì.

“Gàráńtì wà lórí rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì yìí bá dáràn fúnra rẹ̀, àwa la ó ṣe é, ẹ ò ní ná kọ́bọ̀. Àwa ni onídùúró rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi agbára kún agbára tí a fún un. Bí ìyẹn bá bà á jẹ́, a ò sí níbẹ̀ o.”

“Bàbá Ràṣídì, ṣé ẹ gbọ́?” ni Sìdíkátù wí.

“Mo gbọ́,” ni ọkọ rẹ̀ dáhùn, ọkàn rẹ̀ sì ti wà lójú títì.

Ní ilé-iṣẹ́ tó ń ra ẹ̀gẹ́, ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n kọ́kọ́ ń já ẹrù rẹ̀. Òkè gíga kan sì wà lọ́nà ibẹ̀. Orí òkè yìí ni ọkọ̀ Mùfútáù ti máa ń wọ́ tuurutu, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fun fèrè kọjá lára rẹ̀. Kí n má purọ́, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kò bàjẹ́ rí nítorí pé ó pẹ́ dé. Pé wọ́n ń kọjá lára òun ni kò jẹ́ kó lè sùn.

Ló bá gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì kan tó ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì. Wọ́n yọ tọ́bò tó bá ọkọ̀ wá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára, wọ́n fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i, wọ́n sì tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì tò kó lè máa mu epo púpọ̀. Nígbà tó délé, Sìdíkátù gbọ́ ìró rẹ̀, ó sáré jáde.

“Kí lẹ fi sí i? Gàráńtì wa ńkọ́?”

“Ta ló máa sọ fún wọn? Bó bá dáràn, màá yọ ọ́, màá dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Ṣé inú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń gbé ni?”

Ọkọ̀ wá ń fò. Mùfútáù ń fi eruku bo àwọn tó ń fi fèrè dá a lágara tẹ́lẹ̀. Ẹ sì mọ àwọn awakọ̀ wa: ohun tó bá dùn mọ́ wọn nínú, ara ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ó pe ayàwòrán, ó ní kó kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn ọkọ̀: TỌ́BÒ ŃLÁ. ẸNI TÍ MO BÁ KỌJÁ, KÓ MÁ BÍNÚ.

Kò pẹ́ rárá. Lórí òkè yẹn náà, èéfín dúdú bo ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì han gooro, ó sì kú. Ẹ̀rù ba Mùfútáù, kò lè jókòó, kò lè dúró. Ó sáré mú mẹkáníìkì rẹ̀ wá, wọ́n yọ tọ́bò ńlá, wọ́n dá ti tẹ́lẹ̀ padà, wọ́n tún kọ̀ǹpútà tò bó ṣe wà, wọ́n nu gbogbo ibi tí ọwọ́ wọn kàn. Wọ́n wá wọ́ ọkọ̀ dé ilé-iṣẹ́ tó tà á fún wọn. Sìdíkátù tẹ̀ lé e.

“Ó kàn ṣàdédé kú ni, sà,” ni Mùfútáù wí. “Ọwọ́ kankan ò kàn án.”

Ọ̀gá Olátẹ́jú ní kí òun kọ́kọ́ wo àwọn táyà. Ó rìn yí ọkọ̀ ká, ó dé ẹ̀yìn, ó dúró. Ó ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè ketekete. Ojú ti Mùfútáù débi pé kò lè gbórí sókè. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹ́ńjìnnì, àwọn písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, ti yọ́.

“Agbára tó o fi kún un ló yọ́ ọ,” ni Ọ̀gá Olátẹ́jú wí. “Bí bíréèkì bá yọnu lọ́la, gbé e wá, a ó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, tọ́bò ò kan bíréèkì. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì yìí, ọwọ́ rẹ ló wà.”

Mùfútáù dọ̀bálẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ̀yin ni onídùúró wa.”

“Àwa ni lóòótọ́. Ìwọ lo lé wa lọ.”

Mùfútáù bojú wẹ̀yìn láti ilẹ̀ tó wà, ó ń wá Sìdíkátù, bóyá yóò bá òun bẹ̀bẹ̀. Obìnrin náà ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà. Omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le.

“Ẹ má wò mí, Bàbá Ràṣídì. Ẹni tó lé onídùúró rẹ̀ lọ, kó má bojú wẹ̀yìn.”

Àwọn awakọ̀ tó gbé ọkọ̀ wá ṣe níbẹ̀ gbọ́ ọ. Kí Mùfútáù tó délé, ọ̀rọ̀ náà ti dé gáréèjì.