Pírínsípà Lẹ́nu Ọ̀nà Ìyá Rẹ̀

Èmi ò mọ nǹkan kan o. Àwọn tó kàwé kún ìgboro, àwọn ni kí o lọ bi. Èyí tí mo gbọ́ ni mo ń sọ.

Ọkùnrin kan wà tó ṣe ọ̀gá iléèwé fún ọdún mọ́kànlélógún. Pírínsípà ni gbogbo ìlú ń pè é. Pírínsípà ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é, títí kan orí ibùsùn. Bí ó bá fẹ́ gbàdúrà, yóò kọ́kọ́ wúkọ́, kí àwọn áńgẹ́lì lè tò sórí ìlà ná.

Ìjọba ní kó lọ sinmi. Ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́, ó so táì, ó jókòó sí pálọ̀. Aago méje lù, kò sẹ́ni tó dìde fún un. Ó ní kóun lọ rí ìyá òun lábúlé. Ọdún mẹ́fà ni kò ti débẹ̀. Búrẹ́dì ló máa ń fi ránṣẹ́.

Ojú ìyá ti fọ́, olè sì ti jà á lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò bá mọ̀. Ọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Pírínsípà ni, Màmá." Ohùn tó fi ń lé ọmọ wọ kíláàsì nìkan ló kù lọ́fun rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Kò sọ́mọ iléèwé níbí."

"Màmá, èmi ọmọ yín ni."

"Ohun tí olè àná náà wí nìyẹn. Oríkì kan wà tí mo fi ń jí ọmọ tèmi láàárọ̀. Pè é kí n gbọ́."

Ó lanu. Orúkọ kọmíṣánnà mẹ́sàn-án wà lórí rẹ̀ geerege. Oríkì kan ṣoṣo, kò wá. Ó tún táì rẹ̀ ṣe.

"Àjàgbé?"

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí ìyá ń wọ́ odó bọ̀, tó fi ti ilẹ̀kùn gbọnin. Ó sì gbọ́ tó ń gbàdúrà pé, "Olúwa, bá mi ṣọ́ Àdìgún mi níbi tó wà."

Orúkọ dé wàyí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà gbọ́ pé kì í ṣe ẹnu àdúrà ló ti jí i gbọ́?

Ìwọ lọ́yà, ìwọ nọ́ọ̀sì, ìwọ alága ẹgbẹ́, rọra máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bọ́ káàdì iṣẹ́ kúrò lọ́rùn rẹ, tí o kanlẹ̀kùn ilé, ta ni wàá ní ó dé?