Gbòǹgbò Ìdí Ọdán

Ọ̀jẹ́wándé ará Òkè-Ìgbá ti fi ìjàkadì jẹun rí. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ọba ló ń bọ́ ọ, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì kan ilẹ̀ rí. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ọba ní kó máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú. Àní iṣẹ́ yìí ló sọ bàbá olóyàyà di oníkanra. Bí ó bá ní kí wọ́n mú ẹsẹ̀ dúró, ọwọ́ ni wọ́n á máa jù. Kó tó bi ẹni tó ṣubú pé kí ló gbé e ṣubú, onítọ̀hún á ti dìde, á ti tún kù gìrì síjà. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé adìẹ òun tètè gbọ́ràn jù wọ́n lọ.

Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ jà nílùú Ìdí-Ọdán, lábẹ́ igi ọdán ńlá ibẹ̀. Onílé á fa akọni kan kalẹ̀, àwọn àlejò á máa bọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ ẹnìkan bá dá a, wọ́n borí nìyẹn. Ọdọọdún náà ni Òkè-Ìgbá ń pàdánù. Ọba wá sọ pé bí ti ọdún yìí bá tún bàjẹ́, kí Ọ̀jẹ́wándé gba oko lọ, òun yóò fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Olúgbódi, akọni Ìdí-Ọdán, ń dá wọn ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, ojú kan náà ni gbogbo wọn sì ń ṣubú sí.

"Kí ló gbé ọ ṣubú?" Bàbá bi ọ̀kan nínú wọn.

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá di ẹ̀ẹ̀míì, n óò fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀."

"Mi ò bi ọ́ nípa ẹ̀ẹ̀míì."

Ó wá ku Àkànjí nìkan nínú àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Ìgbá. Ara Bàbá kò gbà á mọ́. Ó wọ agbo, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi bí wọ́n ṣe ń dúró han ọmọ yìí. Ó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn báyìí, gbìì! Ẹ̀yìn tí kò kan ilẹ̀ rí kan ilẹ̀, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rín sọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ fọwọ́ bojú. Bàbá kò wo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Lórí ìdùbúlẹ̀ níbẹ̀ ló ti yí ọrùn wo ẹ̀yìn, ló bá rí gbòǹgbò ọdán tí iyẹ̀pẹ̀ bò, tó ta gọngọ bí orúnkún. Láyé ìjàkadì tirẹ̀, gbòǹgbò náà kò tíì yọrí síta.

Ó rọra dìde, ó sọ fún Àkànjí létí pé kó yí Olúgbódi po, kí igi lè bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Àkànjí yí i po, ó tì í. Gìgísẹ̀ Olúgbódi kọ gbòǹgbò, ojú ọ̀run ló bá ara rẹ̀ tó ń wò.

Nígbà tí wọ́n ń relé, àwọn ọ̀dọ́ bi Bàbá pé báwo ló ṣe rí ohun tí gbogbo àwọn kò rí. Bàbá mí kanlẹ̀.

"Ṣebí ẹ̀yin náà ṣubú síbẹ̀. Ojú ẹni tó dá yín lẹ ń wò."

Ibi tí àwọn àgbà ti rí i pa lówe nìyẹn, pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.