Àwòrán Ìkẹyìn Ìdí-Àpáta

Ẹsẹ̀ tí kò dúró, àwòrán kò mọ̀ ọ́n. Ẹ ti gbọ́ ọ rí, àbí? Àwọn kan a máa pa òwe yìí bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ẹ fara balẹ̀, ibi tó ti ṣẹ̀ wá nìyí.

Ìlú kan wà láàárín òkè àti odò, Ìdí-Àpáta lorúkọ rẹ̀. Ìjọba fẹ́ kọ́ dáàmù síbẹ̀, omi yóò sì bo ìlú náà mọ́lẹ̀. Olóyè Fálọ́pẹ̀ẹ́ ló ní kí wọ́n pe ayàwòrán wá kí omi tó dé. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti gbé Abẹ̀jẹ́ níyàwó, ó sì ń dùn ún wọra pé àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ lè má mọ̀ pé òun gbé ibẹ̀ rí. Èèyàn dáadáa ni, ó sì mọ èèyàn kí ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí o bá dákẹ́ níwájú rẹ̀, yóò kí ọ kú ìdákẹ́.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, Sùnmọ́nù ayàwòrán gbé kámẹ́rà onígi ńlá ka orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, lórí àpáta kan tó dojú kọ ìlú. Kùrukùru ṣì ń sùn lórí omi. Ó ní kí Olóyè wá yọjú wò ó. Olóyè ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú tó bo ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó wo dígí tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Háà! Bí irú kámẹ́rà yẹn ṣe ń fi nǹkan hàn, òkè dorí kodò, ilé so rọ̀ bí àdán, odò sì ń ṣàn lọ lójú ọ̀run, jẹ́jẹ́, láìsí ariwo. Ó dà bíi pé ìlú náà ti di àlá kí wọ́n tó kúrò nínú rẹ̀. Ó wò ó títí, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá, fíìmù kan ṣoṣo ló kù," ni Sùnmọ́nù wí. "Ojú kámẹ́rà máa là pẹ́, torí ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Tí mo bá ti nawọ́ sókè, kẹ́nikẹ́ni má mira títí n ó fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó bá mira, kò ní hàn."

"A ti gbọ́, ọmọ mi. A ò ní mira."

Olóyè sọ̀ kalẹ̀ lọ jíṣẹ́ náà fún ìlú, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì dúró síwájú ilé rẹ̀. Abẹ̀jẹ́ dúró lábẹ́ igi ọsàn, ó fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Olóyè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọwọ́ Sùnmọ́nù lọ sókè. Gbogbo ìlú pa rọ́rọ́. Olóyè wo àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n dúró nínú òtútù, inú rẹ̀ yọ́. Ṣé èèyàn á dúró torí ẹni, kí a má kí i? Bó ṣe rọra yọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abẹ̀jẹ́ nìyẹn.

"Ẹ kú ìdúró o! Ẹ kú ìfaradà o!"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó rò pé wọn ò gbọ́, ó kọjá sí iwájú ilé kejì, ó tún kí wọn. Sùnmọ́nù rí i, ṣùgbọ́n bó bá pariwo, gbogbo ìlú ni yóò yíjú. Ilé dé ilé ni Olóyè ń kiri, títí ọwọ́ fi sọ̀ kalẹ̀.

Omi ti bo Ìdí-Àpáta kí Sùnmọ́nù tó gbé àwòrán náà dé ìlú tuntun. Ó fẹ̀ bí àtẹ. Ewé, òrùlé, ojú èèyàn, gbogbo rẹ̀ ló hàn kedere. Olóyè wá ara rẹ̀ títí, kò rí nǹkan kan àfi ohun tó jọ èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níwájú ilé onílé.

"Èmi dà?" ló bèèrè.

Abẹ̀jẹ́ fi ìka kan koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àwòrán. "Ibi tí mo fi sílẹ̀ fún yín rèé, olówó orí mi. Gbogbo ilé lẹ yà. Tiwa nìkan lẹ ò dúró sí."

Ọ̀gá ìkíni fi àtẹ́lẹwọ́ bo àyè náà.

Láti ọjọ́ náà ni òwe yìí ti ń jáde lẹ́nu wa. Bí àgbà bá rí ẹni tó ń sáré kiri ọ̀ràn ará àti àlejò, tó ń ṣe dáadáa fún gbogbo ayé, tí àyè rẹ̀ sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ aya àti ọmọ, wọn a pè é sí kọ̀rọ̀, wọn a ní: ẹsẹ̀ tí kò dúró, àwòrán kò mọ̀ ọ́n.